Abéèrè Kì í Ṣìnà: Ọ̀rọ̀ lórí Switch, Ẹgbẹ́ àti Èdè Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dà bí àjèjì lójú àwọn tí ó ti mọ́ lára láti máa bá mi ka àlàyé lórí òwe, oríkì àti ìṣẹ̀dálẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí switch, àpótí tí a máa ń ki wáyà àwọn kọ̀ǹpútà bọ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí àwùjọ kan má baà dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ẹ̀rọ yòókù. Ẹ ní sùúrù fún mi. Bí ẹ bá bá mi dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni mo ń sọ.

Ìṣọ̀rí ènìyàn méjì ni mo sábà máa ń bá jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti èdè Yorùbá. Àwọn ìṣọ̀rí kìn-ín-ní ní èdè wa kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí a fi í sílẹ̀ fún oyìnbó. Àwọn ìṣọ̀rí kejì gbà pé ó lè rù ú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa ṣẹ̀dá orúkọ fún gbogbo nǹkan. Lójú tèmi, ibi tí kò yẹ ni àwọn méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ kọ́ ni ó ń bá wa fínra. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa láti fi àmì sí ojú kọ̀ǹpútà, a kò kọ́ wọn ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè. Ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi ni ó mú mi gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ń ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́, a fẹ́ kí àwòrán àti ohùn olùkọ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ńlá máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n 20 nínú àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yòókù, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ ju gbọ̀ngàn lọ. Àwòrán náà ń gba mẹ́gábíìtì 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà tí ó ń fi í ránṣẹ́ bá ní láti fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan, mẹ́gábíìtì 120 ni yóò máa gba inú wáyà tí kò lè gbà ju 100 lọ. Ìdí nìyí tí a fi yan ọ̀nà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní multicast.

Kí ni multicast? Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìlú Yorùbá àtijọ́. Bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ tí ó kan ẹnì kan ṣoṣo, yóò rán ìránṣẹ́, tàbí kí ó di àrokò, a ó sì gbé e lé ẹni náà lọ́wọ́. Unicast nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ìlú, akéde yóò mú agogo, yóò sì máa lù ú kiri láti àdúgbò dé àdúgbò. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yóò gbọ́, ẹni tí kò kàn náà yóò gbọ́. Broadcast nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹgbẹ́ ọdẹ nìkan ńkọ́? Kò sí ìdí tí a ó fi jí aláró àti alágbẹ̀dẹ lójú oorun. Ilé tí ọdẹ wà ni a ó yà sí, a ó sì rọra kọjá níwájú àwọn ilé yòókù. Multicast nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò tíì tú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, síbẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ó yé yín ti yé yín.

Nínú ayé ẹ̀rọ, nọ́ńbà ni a fi ń pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti 224.0.0.0 títí dé 239.255.255.255. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ kò mọ iye àwọn tí ó ń gbọ́, kò sì pọn dandan kí ó mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń sọ ọ́, nọ́ńbà ẹgbẹ́ ni ó sì fi ń ránṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ó bá fẹ́ gbọ́ ni yóò kéde pé òun ti wọ ẹgbẹ́. Èdè tí wọ́n fi ń ṣe ìkéde yìí ni a ń pè ní IGMP. Steve Deering ni ó kọ ìlànà rẹ̀ tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1989. Nínú ìlànà àkọ́kọ́ yẹn, ẹni tí ó bá ń kúrò nínú ẹgbẹ́ kì í dágbére. Ó kàn ń lọ ni. Ẹ̀dà kejì, tí ó jáde ní ọdún 1997, ni ó kọ́ àwọn ẹ̀rọ láti máa dágbére. Ẹ̀dà kẹta, ti ọdún 2002, jẹ́ kí ẹni tí ó wà nínú ẹgbẹ́ lè sọ ẹni tí òun fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an.

Nísinsìnyí, switch ni oníbodè. Gbogbo ẹrù tí ó ń kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń gbà, ojú-ihò kọ̀ọ̀kan tí a ki wáyà bọ̀ sì dà bí ẹnu ọ̀nà ilé kan. Ṣùgbọ́n switch tí a kò ṣètò kì í fi ìyàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ni ó ń kó o lọ. Bí ó ṣe rí fún wa ní ọjọ́ kìn-ín-ní nìyẹn. Àwòrán náà hàn dáadáa lórí gbogbo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ó tún ń sáré wọ inú kọ̀ǹpútà akọ̀wé àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Èyí tí ó burú jù ni pé ó ń wọ inú ẹ̀rọ Wi-Fi. Wáyà lè mú un mọ́ra, Wi-Fi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ Wi-Fi sábà máa ń fi ìwọ̀n tí ó lọ́ra púpọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kí ẹni tí ó jìnnà jù lè gbọ́, nítorí náà àwòrán kan ṣoṣo ti tó láti gba gbogbo ọ̀nà tán. Àwọn tí ó wà ní ọ́fíìsì kò lè ka lẹ́tà kankan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mo ń pè é ní àbúrò mi. Òun ni ó wọ inú ètò switch náà láti wá ojútùú. Ó rí ibi tí a kọ IGMP snooping sí, ó sì tàn án. Ó rí ibòmíràn tí a ti lè pàṣẹ pé kí switch da ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí kò bá mọ olówó rẹ̀ nù, ó fi àmì sí ìyẹn náà. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Wi-Fi yá gágá, àwòrán sì ń lọ geere lórí tẹlifíṣọ̀n 20. Inú gbogbo wa dùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó tún tàn án, àwòrán padà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀, ó tún dákẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti lọ o." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà fi parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní àwọn yàrá yòókù kò gbọ́ tó ìdajì ohun tí olùkọ́ sọ, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀kọ́ náà ni ìdánwò wọn dá lé. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pààrọ̀ wáyà, kò ṣiṣẹ́. Àwọn aláṣẹ ti ń gbèrò láti dá gbogbo tẹlifíṣọ̀n padà fún ẹni tí ó tà á, wọ́n sì ti ń wo àbúrò mi bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́.

Mo béèrè ìbéèrè kan péré lọ́wọ́ rẹ̀: "Ta ni ó ń béèrè?"

Ó wò mí. "Béèrè kí ni, sà?"

Mo wá fi ẹgbẹ́ ṣàlàyé fún un. Mo ní: oníbodè yìí kò ní ìwé orúkọ tirẹ̀ láti ilẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ké pé, "Mo ti wọ ẹgbẹ́ o," oníbodè yóò gbọ́, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ kan wà ní ẹnu ọ̀nà báyìí. Ṣùgbọ́n kò ní gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ títí ayé, nítorí pé ènìyàn lè kú, ó sì lè kó lọ láìdágbére. Nítorí náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ máa jáde láti ìgbà dé ìgbà, kí ó máa béèrè pé, "Ta ni ó ṣì wà nínú ẹgbẹ́?" Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò dáhùn, oníbodè yóò tún gbọ́ ìdáhùn wọn, yóò sì sọ orúkọ wọn dọ̀tun. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan fún àkókò kan, yóò pa orúkọ náà rẹ́.

Kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ti gbà á lẹ́nu mi: "Á jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń pe orúkọ nìyẹn! Wọ́n wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nínú ìlànà ẹ̀dà kejì àti ẹ̀kẹta, olùbéèrè máa ń béèrè ní ìṣẹ́jú àáyá 125 sí ara wọn, ó sì ń fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 10 láti dáhùn. Bí ìbéèrè méjì bá kọjá láìsí èsì, orúkọ á parẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 125 lọ́nà méjì, kí ẹ fi 10 kún un, ó di 260. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú àáyá nìyẹn. Àbúrò mi ti ń wo nọ́ńbà yìí lójú aago láti òwúrọ̀ láìmọ̀ pé ó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Lọ́pọ̀ ibi, router tí ó mọ iṣẹ́ multicast ni ó máa ń béèrè. Router kékeré tí ó gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Switch náà fúnra rẹ̀ lè ṣe é, inú ètò kan náà ni ó wà, lábẹ́ orúkọ querier. Àbúrò mi ti rí i. Ó fò ó, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò pe àwòrán kankan wá sí ọkàn rẹ̀. Ní ti snooping, ó rò pé ètò ààbò tí ó ń ṣọ́ olè ni. A tan querier, a fún un ní àdírẹ́sì, àwòrán sì lọ títí ẹ̀kọ́ fi parí. Wọn kò dá tẹlifíṣọ̀n kankan padà mọ́.

Nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè bá irú iṣẹ́ yìí pàdé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun díẹ̀ sí i tí ó yẹ kí ẹ béèrè kí ẹ tó fi àmì sí ohunkóhun.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó tilẹ̀ pọn dandan. Bí tẹlifíṣọ̀n méjì péré ni ẹ ní, ẹ fi multicast sílẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ béèrè àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà wà. A lè pín switch kan sí ọ̀nà púpọ̀ tí à ń pè ní VLAN. Ó dà bí àdúgbò nínú ìlú. Akọ̀wé àdúgbò kan kì í béèrè nǹkan ní àdúgbò kejì. VLAN kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ti tan snooping gbọ́dọ̀ ní olùbéèrè tirẹ̀.

Ẹ béèrè ibi tí olùbéèrè yóò jókòó sí. Bí méjì bá wà ní àdúgbò kan, wọn kò ní jà: èyí tí nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ kéré jù ni yóò máa béèrè, èkejì yóò dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìhà ibi tí olùbéèrè wà ni àwọn switch máa ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lọ. Fún ìdí èyí, orí switch àárín gbùngbùn, nítòsí ẹni tí ó ń fi àwòrán ránṣẹ́, ni ó yẹ kí ó wà. Bí ẹ bá gbé e sí ìkangun ilé, ẹ ó máa da omi sínú agbada tí kò sí ẹni tí yóò mu ún.

Ẹ ṣọ́ra fún ètò tí wọ́n ń pè ní fast leave. Bí ẹnì kan bá dágbére, ohun tí ó yẹ ni kí a tún béèrè ní ẹnu ọ̀nà yẹn pé, "Ǹjẹ́ ó ku ẹnikẹ́ni?" kí a tó ti ìlẹ̀kùn. Fast leave kì í béèrè. Ó ń ti ìlẹ̀kùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà náà, kò burú. Bí switch kékeré mìíràn bá wà níbẹ̀ tí tẹlifíṣọ̀n méjì so mọ́ ọn, ẹni tí ó lọ ti mú ti ẹni tí ó kù dání.

Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí ẹ ń yàn. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 239 ni a yà sọ́tọ̀ fún lílò nínú ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí switch bá ń yí nọ́ńbà wọ̀nyí padà sí àdírẹ́sì tirẹ̀, ẹgbẹ́ 32 ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà. 239.1.1.1 àti 239.129.1.1 kò yàtọ̀ lójú switch tí ó ń fi àdírẹ́sì yẹn ṣiṣẹ́. Ẹ yẹra fún 239.0.0 pẹ̀lú, nítorí pé orúkọ rẹ̀ bá ti 224.0.0 mu, èyí tí í ṣe ti àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì tí switch gbọ́dọ̀ máa kó dé ẹnu ọ̀nà gbogbo.

Paríparí rẹ̀, ẹ béèrè bóyá switch ti fi ètò náà pamọ́. Lórí ọ̀pọ̀ switch, ètò tí ẹ ṣe wà ní orí ahọ́n lásán títí ẹ ó fi pàṣẹ pé kí ó fi í pamọ́. Bí iná ọba bá lọ kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, àtúnṣe di àtúntúnṣe.

Ó tó gẹ́ẹ́ lórí switch. Mo fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ àbúrò mi. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe aláìmọ̀wé. Ó ti ka ìwé ìtọ́ni náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì lè ka àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lórí. Ohun tí kò ní ni àwòrán ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ní kété tí ó rí àwòrán náà ní èdè tí ó fi ń ronú, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìdáhùn kí n tó sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, olùbéèrè ni ó ń pe querier, mi ò sì kọ́ ọ. Orúkọ náà jáde fúnra rẹ̀ nítorí pé òye ti ṣáájú rẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn aṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ wa rò. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ ayárabíàṣá gẹ́gẹ́ bí orúkọ kọ̀ǹpútà; ó dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà yára, kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹ wá wo ayélujára. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ rí i pé ayé ti lu jára wọn, ibi gbogbo ti já sí ibi gbogbo. Àwòrán wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi dúró lẹ́nu ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí àlàyé ṣáájú, kí orúkọ tẹ̀lé e. Èyí tí kò bá sì ní orúkọ, kò pọn dandan kí a fi ipá sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti sọ IGMP láti òkè dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì ba Yorùbá mi jẹ́.

Ẹnì kan lè sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ìtọ́ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, kí wá ni èrè àlàyé Yorùbá? Mo gbà pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, nítorí òun ni ó kọ sójú switch. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni àbúrò mi fi kà á ní ọjọ́ tí àwòrán ń dákẹ́. Ẹlòmíràn lè sọ pé àfiwé máa ń já níbì kan. Òótọ́ ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ mọ ara wọn. Tẹlifíṣọ̀n 20 kò mọ ara wọn rárá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti sọ ibi tí àfiwé náà já sí. Kì í ṣe ìdí láti má ṣe é.

Switch tí ó dẹtí sílẹ̀ láìsí ẹni tí ó ń béèrè yóò gbàgbé àwọn tí ó wà níwájú rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ láti máa gbọ́, tí a kò kọ́ láti máa béèrè, kì í pẹ́ púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbàgbé ohun tí ó gbọ́. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn ọmọ wa ní èdè tí wọn yóò fi béèrè.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.